Fadá Tí Mo Mú Wá Bá Ìyá Ojibwe

Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ́fíìsì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kẹ́ẹ̀rà rán mi sí ilé kan lẹ́yìn Birchmere Park, ní Thamesmead North. Wọ́n ní kí n máa wẹ ìyá kan láràárọ̀, kí n wọṣọ fún un, kí n fún un ní oúnjẹ àti oògùn, kí n sì tún padà wá lọ́sàn-án. Ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù mi kò ju pé opó ni, pé ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pé ó ti ń gbàgbé nǹkan, àti pé ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní Ọsirélíà.

Nígbà tí ìyá náà ṣílẹ̀kùn, mo rò pé ará Ṣáínà ni. Ojú rẹ̀ gbòòrò, ara rẹ̀ pọ́n bí ara ẹni tó ti pẹ́ nínú oòrùn, irun rẹ̀ funfun, ó gùn dé ìbàdí, ó sì dì í ní ẹyọ kan sẹ́yìn. Mo kí i, mo pè é ní Mummy bí mo ṣe máa ń pe gbogbo àgbà tí mo bá ń tọ́jú. Àwọn òyìnbó kan a máa bínú sí i. Wọ́n á ní àwọn kọ́ ni ìyá mi. Òun kò bínú.

"Kí ló dé tó o fi ń pè mí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe àgbà lórúkọ, mà."

Ó wò mí títí. "Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìyá àgbà là ń pè wọ́n."

"Níbo ni ọ̀dọ̀ tiyín, mà?"

"Kánádà. Ojibwe ni mí, ọ̀kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé."

Mo gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ náà, ó jáde lẹ́nu mi bí orúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú kan. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Láti ọjọ́ yẹn la ti mọwọ́ ara wa.

Sójà ọmọ Woolwich ló fẹ́ ẹ. Wọ́n rán ọkọ náà lọ kọ́ṣẹ́ ní Kánádà, ó pàdé ọmọbìnrin yìí níbi tó ti ń fọ abọ́ nínú ilé oúnjẹ kan, ó sì mú un wá sílé. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ní bárékè, wọ́n sì kó wá sí Thamesmead nígbà tí kọnkéré ibẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Àádọ́ta ọdún ó lé ló fi gbé ní àdúgbò wa, kò sì rí ẹyọ ọmọ Ojibwe kan. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní ará Ṣáínà, òun náà kò sì jà mọ́.

Bí mo bá ń ya irun rẹ̀ láràárọ̀ ni ó máa ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun ni òun dàgbà sí, létí adágún ńlá kan tí ènìyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀. Ó ní odò Thames tí à ń pariwo yìí, gọ́tà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà náà fẹ́ràn àwọn fadá gidigidi. Jesuit ni wọ́n ń pe àwọn fadá yẹn, ẹgbẹ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tí wọ́n ti wá láti ilẹ̀ Faransé nígbà àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n bá àwọn Ojibwe gbé inú àgọ́, wọ́n jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n kọ́ èdè wọn débi tí wọ́n fi lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n kọ èdè náà sílẹ̀, wọ́n tú àdúrà àti orin sí i. Ìyá àgbà ní ìwé àdúrà kan lédè Ojibwe, ó máa ń sùn pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí ọmọ yìí pé ọdún méje, ọkọ̀ ojú omi kan wá kó àwọn ọmọ. Fadá tó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ tàkúrọ̀sọ létí omi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n á máa gbé inú rẹ̀. Àwọn Jesuit ló ń tọ́jú àwọn ọmọkùnrin, àwọn sísítà ló ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin, ọgbà sì wà láàárín wọn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó fi èdè rẹ̀ béèrè ibi tí òun ti lè tọ̀. Sísítà kan ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì fi bẹ́líìtì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi tọ̀ sára.

"Fadá yẹn a máa wá kọ́ wa ní katikísìmù," ni ìyá wí. "Èmi mọ̀ pé ó gbọ́ èdè wa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú ọgbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Mo máa ń wò ó lójú pé kó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tí mo padà sílé, ìyá àgbà bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dáhùn. Òun kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Èmi náà sọ tèmi fún un. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Ìjẹ̀bú, fanákúlà ni wọ́n ń pe Yorùbá. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á gbé pátákó kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn, á sì máa dọdẹ ẹlòmíràn tó máa ṣèèṣì sọ ọ́ kó lè gbé e kọ́ òun náà lọ́rùn. Ìyá fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ṣé wọ́n gbà á lẹ́nu yín?"

Mo ní, "Rárá o, mà. A ti pọ̀ jù. Tí a bá ti jáde ní géètì ilé-ìwé, Yorùbá ti gba gbogbo ìgboro."

"Ọmọ rẹ ń kọ́? Ó ń sọ ọ́?"

Mo ń ya irun lọ. Woolwich ni mo bí ọmọbìnrin mi sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, olùkọ́ nọ́sìrì kan pè mí, ó ní ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu ọmọ náà, pé bóyá èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá a sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó nà mí. Ó fún mi ní tíì, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì ṣe bó ṣe wí. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí mo bá bá a sọ Yorùbá, á ní, "Mum, say it normally."

Ní ọdún kejì ni Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu ìyá. Orúkọ nǹkan ló kọ́kọ́ lọ: ṣíbí, síkẹ́ẹ̀tì, fèrèsé. Lẹ́yìn náà, odindi gbólóhùn. Ohun tó ń dípò wọn ni èdè àtijọ́ yẹn, èyí tí kò tí ì sọ létí mi rí. Mo dé lọ́jọ́ kan, ó ń wò mí, ó ń wí pé, "Nibi, nibi." Mo rò pé Yorùbá ni mo gbọ́, pé ó ń sọ pé, níbí, níbí. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo fọwọ́ kan ikùn, mo fọwọ́ kan orúnkún, mo ń béèrè, "Ṣé níbí ló ń dùn yín?" Ó kàn ń sunkún. Ó tó wákàtí kan kó tó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, tó gbé ẹnu sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi ni nibi ní èdè wọn. Ọmọbìnrin mi ló wá a rí nínú atúmọ̀ èdè kan lórí fóònù rẹ̀.

Mo ra jọ́tà kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ìyá jáde, mo kọ ọ́ bí etí mi ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú àmì orí bí a ṣe kọ́ wa láti máa kọ Yorùbá. Mo mọ̀ pé nika ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá aláriwo tó wà lórí adágún inú Birchmere Park, torí ó máa ń nàka sí wọn. Mo mọ̀ pé gaawiin ni rárá, torí ó ń sọ ọ́ tí mo bá gbé oògùn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ta kọ́tìnnì, á gbójú sí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Aandi nishiime?" Tí n kò bá dáhùn, á tún un sọ. Ó lè tún un sọ lógún ìgbà kí oúnjẹ tó tutù. Mo máa ń fún un ní tíì. Mo máa ń dì í mọ́ra. Mo gbàdúrà fún un bí a ṣe ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Belvedere, mo gbọ́wọ́ lé e lórí. Kò dẹ́kun bíbéèrè.

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ọsirélíà pè lórí fídíò. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo ní kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Màmá mi ò sọ ẹyọ kan nínú ẹ̀ sí mi létí rí. Ó ní òun ti gbàgbé ẹ̀ tán."

Ọmọbìnrin mi kọ̀wé sí àwọn kan tó ń rí sí èdè Ojibwe ní Kánádà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n sì dáhùn tìfẹ́tìfẹ́. Obìnrin kan fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A gbé e síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Obìnrin náà kí i, ìyá fọwọ́ kan ojú fóònù, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó yára, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ọmọ kíláàsì lèmi náà. Ọdún méjì péré ni mo fi kọ́ ọ. Èmi ò lè bá wọn lọ."

Lẹ́yìn èyí ni arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé fadá arúgbó kan wà ní ilé àwọn àgbà tí òun ń dáná fún ní Belvedere, pé ó ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Indian, bí àwọn kan ṣe ń pe àwọn onílẹ̀ Kánádà, fún ogójì ọdún. N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ.

Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó jókòó sínú àga, ó fi súẹ́tà bo orúnkún. Jesuit ni lóòótọ́. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ríran. Mo fún un ní jọ́tà mi. Ó ṣí i, àmì orí yẹn kò yé e, ìgbà tí mo kà á sókè fún un ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè tẹ̀ lé mi. Ó ní kò sẹ́ni tó ti bá òun sọ èdè yẹn láti ìgbà tí òun ti kúrò ní Kánádà. Ó ní òun a máa fi gbàdúrà nínú yàrá kó má baà kúrò lẹ́nu òun. Mo ka ọ̀rọ̀ àràárọ̀ yẹn fún un.

"Aandi nishiime," ó tún un sọ. "Níbo ni àbúrò ọkùnrin mi wà? Tàbí àbúrò obìnrin. Èdè náà kò sọ èyí tó jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Àwa ní i, sà. Àbúrò ni."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìgbàṣẹ. Oṣù márùn-ún ni obìnrin yẹn fi ń béèrè àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, tíì ni mo fi ń dá a lóhùn.

Mo bẹ fadá pé kó wá bá mi rí i. Ó kọ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kó wá." Mo ní kò sí ẹlòmíràn. Ó ní kí n jọ̀ọ́. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí ìyá kú láìrí ẹni dá a lóhùn ni? Bí mo ṣe wí nìyẹn, mo sì rò pé Ọlọ́run ló ń lò mí. Ó wá ní òun fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, kí òun tó di fadá pàápàá.

Mo bi í pé, "Ẹ nà wọ́n, sà?"

"Mo nà wọ́n."

Ó ní nígbà tí wọ́n ti ti ilé-ìwé pa tán lòun tó kọ́ èdè náà lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, tìtìjú-tìtìjú. Nígbà tí òun fi máa mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, àwọn tí òun fẹ́ fi bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí n ní kó kọ gbólóhùn mélòó kan fún mi, kí èmi fúnra mi máa sọ wọ́n fún ìyá. Ọgbọ́n yẹn kò wá. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà.

Ọjọ́rú kan, aago mọ́kànlá àárọ̀, ni takisí gbé e dé. Ó ti yọ kọ́là àlùfáà, súẹ́tà aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Mo ti wẹ ìyá, mo ti di irun rẹ̀, mo ti gbé e jókòó sídìí tábìlì tó kọjú sí adágún. Fadá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè Ojibwe kí i.

Ìyá yí orí padà. Èmi rí ojú rẹ̀. Ojú yẹn ṣí sílẹ̀ bí ojú ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ó la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo gbọ́ nishiime nínú rẹ̀. Fadá sún mọ́ ọn, ó dá a lóhùn. Bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ kejì ni nǹkan yí padà. Bóyá ohùn rẹ̀ ni, ohùn ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka àdúrà. Bóyá ohùn Faransé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni, torí ọmọ Faransé ni ìyá tó bí i. Bóyá ọwọ́ tó kó jọ síwájú àyà ni. Ìyá wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnran. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè, ó sì di ojú.

Ó sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí n kò ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Fadá. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni màá máa sọ."

Fadá kúnlẹ̀. Arúgbó tí kò lè rìn dáadáa, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń bẹ̀ ẹ́ lédè Ojibwe. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ lédè náà ń mú kí ìyá máa na ọwọ́ síwájú sí i ni, ó ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "Gẹ̀ẹ́sì ni màá sọ, Fadá, Gẹ̀ẹ́sì ni màá sọ." Mo ní kí fadá dákẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Èmi àti awakọ̀ takisí la jọ gbé e dìde. Nígbà tí mo padà wọlé, ọwọ́ ìyá ṣì wà lórí tábìlì. Mo ki ọwọ́ tèmi sínú wọn, ó sì fò bí ẹni tí iná jó.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ Ojibwe mọ́. Kò béèrè àbúrò. Òùngbẹ lè máa gbẹ ẹ́ látàárọ̀ dọ́sàn-án, kò ní sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Fadá" lohun kan ṣoṣo tó kù. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Mo di jọ́tà mú, mo ka àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, ìkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ní àárọ̀ bíi mélòó kan. Ó máa ń di ojú. Mo fi í sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ bá mi wá gbogbo ìwé ìyá nínú ilé nígbà tó dé láti Ọsirélíà. A ò rí orúkọ àbúrò kankan. Kò sí fọ́tò, kò sí lẹ́tà. Ó kọ̀wé sí Kánádà, wọ́n ní àwọn á wò ó. Títí di òní, a ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá inú ilé-ìwé yẹn ló kú sí tàbí ó dàgbà.

Àìsàn àyà ló pa ìyá, ní ọsibítù, ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Àwa márùn-ún la lọ síbi ìsìnkú: ọmọ rẹ̀, èmi àti ọmọbìnrin mi, aládùúgbò kan, àti ẹni tó darí ètò. Ẹni tó darí ètò ní a bí ìyá sí Kánádà, ó fẹ́ràn ọgbà àti ẹyẹ. Ọmọ rẹ̀ gba jọ́tà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí i, ó ń wo àwọn àmì orí yẹn.

"Báwo ni mo ṣe máa kà á?"

Mo ní kò lè kà á. Mo ní ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá kó tó lè kà á, kó sì tún gbọ́ Ojibwe kó tó lè yé e. Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà wo ìwé náà. Òun náà ò lè kà á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Belvedere láti sọ fún fadá. N kò tí ì fojú kàn án láti Ọjọ́rú yẹn. Wọ́n ní kì í sábà sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wà nínú àga kan náà, kò yí ojú sí mi.

Mo ní, "Ìyá ti lọ, sà."

Ó mi orí. Ó bi mí pé, "Ṣé ó sọ ohunkóhun?"

Mo lè purọ́ fún un. Mo ti pa irọ́ tó kéré sí ìyẹn fún àwọn arúgbó kí ara lè tù wọ́n.

Mo ní, "Rárá, sà."

A jókòó. Arábìnrin tó ń dáná wọlé, ó gbé tíì fún àwa méjèèjì, ó sì jáde. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Nígbà tó di aago méjì, mo dìde, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo lọ dúró de bọ́ọ̀sì, torí ọ́fíìsì ti fún mi ní bàbá kan tí màá máa tọ́jú lápá Abbey Wood, wọ́n sì ní kí n má pẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.